Ẹni Tí Ó Mú Ìyá Èèrà, Ìlú Ni Ó Mú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá erin, tí Ó sì dá èèrà, tí kò gbàgbé ìjẹ èyíkéyìí nínú wọn. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ojú ìwé yìí jẹ́ ti ilé àti ohun tí ń bẹ nínú ilé. Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ wa dá lórí ohun ọ̀sìn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ohun ọ̀sìn rárá, òun ni èèrà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní àdúgbò Trans-Nkisi níhìn-ín ní Onitsha, ní òdìkejì odò Nkisi tí ń ṣàn lọ bá Odò Ọya, àwọn kòkòrò abìyẹ́ a máa rọ́ wá sí ìdí iná tí a tàn sí ara ògiri. Àwọn ọmọ yóò gbé ìgò jáde, wọn yóò ṣa èyí tí ọwọ́ wọn bá tó, wọn yóò sì dé e pa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣa yóò ti kú. Ọmọ tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù nínú ìgò rẹ̀ yóò wá béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé mo lè máa sìn ín?"

Bí ìyá bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìmọ ohun tí ó fọwọ́ sí, ó ti gba ẹrù tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá sì fi ìbínú da ìgò náà nù, ẹ̀kọ́ ńlá kan ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí títọ́jú èèrà nínú ilé jẹ́, bí a ṣe ń ṣe é, àti ohun tí ó yẹ kí bàbá àti ìyá fẹnu kò lé lórí kí wọ́n tó gbà fún ọmọ wọn.

KÍ NI ỌMỌ MÚ WỌLÉ?

Kí òbí kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú ìgò dáadáa. Oríṣi méjì ni ó máa ń jáde lẹ́yìn òjò. Ọ̀kan ni èsúnsún, tí àwọn ènìyàn wa máa ń yan jẹ. Èsúnsún kì í ṣe èèrà. Ọmọ ikán ni. Ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn dọ́gba, ara rẹ̀ sì lọ gbọọrọ láìní ìbàdí. Èèrà abìyẹ́ ní tirẹ̀ ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ iwájú rẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ, ìwo tí ó wà ní orí rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìgúnpá ènìyàn. Ọmọ ọdún méje lè mọ ìyàtọ̀ yìí bí a bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan.

Nínú àwọn èèrà abìyẹ́ pàápàá, akọ wà, abo sì wà. Akọ kéré, orí rẹ̀ kéré, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wá ṣe: lẹ́yìn ìgbà tí ó bá ti bá abo pàdé tán, kì í pẹ́ kú. Abo ni ó tóbi, tí àyà rẹ̀ yọ kókó nítorí iṣan tí ó fi ń fò. Abo yìí ni a ó máa pè ní ìyá èèrà nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Ní àsìkò ìfò yẹn ni ó gba irú-ọmọ tí yóò máa lò títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí ó bá ti balẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ya ìyẹ́ rẹ̀ dànù, yóò wá ihò kékeré kan, yóò sì sé ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣan ìyẹ́ tí kò ní lò mọ́ yóò máa yọ́ nínú ara rẹ̀ láti di oúnjẹ fún òun àti fún àwọn ọmọ tí yóò kọ́kọ́ bí. Nínú ọ̀pọ̀ irú èèrà tí ó rọrùn láti tọ́jú, ìyá kì í jáde wá ohun tí yóò jẹ títí àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò fi dàgbà.

Ẹ wá rò ó wò. Bí ìyá èèrà kan bá wà nínú ìgò ọmọ yín, ìlú kan ni ó wà nínú ìgò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan kò tíì rí ará ìlú. Bí ọmọ bá sì lọ ṣa ọgọ́rùn-ún èèrà òṣìṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí kò sí ìyá láàárín wọn, wọn yóò gbẹ́lẹ̀, wọn yóò ru ẹrù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dípò èyí tí ó bá kú. Ní ọdún 1956, Milton Levine ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpótí pẹlẹbẹ kan tí a fi ike tí ń hàn gaara ṣe, tí ó pè ní Ant Farm, kí àwọn ọmọdé lè máa wo bí èèrà ṣe ń la ọ̀nà nínú ilẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ilé ni ó ra á. Ṣùgbọ́n èèrà òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá rà á, kò sí ìyá nínú wọn, nítorí náà kì í pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń kú tán. Àwọn ọmọ náà rí iṣẹ́ èèrà, wọn kò rí ìdílé èèrà.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN FI YÉ WA

Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò béèrè pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí sé ẹ̀dá Ọlọ́hun mọ́ inú ìgò? Ìbéèrè tí ó dára ni, kò sì yẹ kí a fò ó.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Suuratu-n-Naml, èyí tí í ṣe orí 27 nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, orúkọ èèrà ni ó ń jẹ́. Nínú rẹ̀ ni a ti kà nípa èèrà kan tí ó rí Ànábì Sulaiman àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lókèèrè, tí ó sì kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n wọlé, kí wọ́n má baà tẹ̀ wọ́n pa láìmọ̀. Ànábì Sulaiman gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tọrọ lọ́wọ́ Olúwa rẹ̀ kí Ó fi òun mọ ọpẹ́ dá. Ọba tí ó ní agbára jù lọ ní ìgbà ayé rẹ̀ ni ó tẹ́tí sí ẹ̀dá tí ó kéré jù lọ lójú ọ̀nà rẹ̀. Suuratul-An'aam, ẹsẹ 38, tún jẹ́ kí ó yé wa pé àwọn ẹ̀dá tí ń rìn lórí ilẹ̀ àti àwọn tí ń fi ìyẹ́ fò jẹ́ ìjọ-ìjọ gẹ́gẹ́ bí àwa náà.

Ní ti sísin ẹ̀dá nínú ilé, hádíìsì méjì ni ó yẹ kí a gbé síwájú. Bukhari àti Muslim gba èkíní wá láti ọ̀dọ̀ Anas ọmọ Maalik, nípa àbúrò rẹ̀ Abu Umayr, ọmọ kékeré tí ó ní ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ń ṣeré. Ànábì máa ń bá ọmọ náà ṣàwàdà nípa ẹyẹ rẹ̀, kò sì bá a wí pé ó ní i. Àwọn onímọ̀ rí i nínú èyí pé kò sí èèwọ̀ nínú kí a tọ́jú ẹ̀dá kékeré nínú ilé bí a kò bá fi ìyà jẹ ẹ́. Èkejì ni ti obìnrin kan tí ó sé ológbò mọ́lé, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ títí ó fi kú. Iná ni obìnrin náà fi ṣe èrè. Ní àárín ọmọ tí ó ní ẹyẹ àti obìnrin tí ó ní ológbò ni gbogbo ẹni tí ń sin ohun ọ̀sìn dúró sí. Ohun tí ó pín wọn níyà ni ìtọ́jú.

Èyí tí ó kan èèrà gan-an tún wà nínú Bukhari àti Muslim. Èèrà kan gé ọ̀kan nínú àwọn Ànábì ìgbàanì jẹ, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun gbogbo ilé èèrà náà. Ọlọ́hun bá a wí pé nítorí èèrà kan ṣoṣo ni ó fi pa odindi ìjọ kan tí ń ṣe àfọ̀mọ́ fún Un run. Àwọn onímọ̀ gbà pé a lè lé èèrà tí ń ṣe ni ní ìpalára, a sì lè pa á bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n iná kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa pa wọ́n ṣeré kò sí nínú rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Bí ẹ bá ti gbà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí ó ti yẹ. Irú tí ó rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni àwọn èèrà ńlá tí ń rìn lóru, tí àwọ̀ wọn pọ́n bíi ti ilẹ̀ tàbí bí ewé gbígbẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Camponotus maculatus. Wọ́n wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà. Wọ́n lè fi ẹnu gé ni, ṣùgbọ́n wọn kò ní oró ìdí tí wọ́n lè fi ta ni bí agbọ́n.

Ẹ wá ìgò gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń hàn gaara, irú test tube tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Ẹ da omi mímọ́ sínú rẹ̀ dé ìwọ̀n ìdá mẹ́ta kan. Ẹ fi òwú dí i títí òwú náà yóò fi kan omi, kí ó rin, ṣùgbọ́n kí omi má lè jò kọjá rẹ̀. Ẹ fi ìyá èèrà sí àyè tí ó ṣẹ́ kù, kí ẹ wá fi òwú gbígbẹ dí ẹnu ìgò náà kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Ẹ fi bébà dúdú wé e, kí ẹ fi í lélẹ̀ ní ìbùbúlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn kò dé, tí kò sì sún mọ́ jẹnẹrétọ̀, nítorí èèrà a máa mọ̀ bí ilẹ̀ bá ń mì.

Iṣẹ́ tí ó le jù lọ ni ó kàn báyìí, òun sì ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kò ní fún un ní oúnjẹ. Ẹ kò ní ṣí i lọ́jọ́ gbogbo. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti yọ bébà kúrò kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Ìyá èèrà tí a kò jẹ́ kí ó sinmi a máa jẹ ẹyin ara rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ẹyin funfun bíńtín. Lẹ́yìn náà ni ìdin yóò yọ, tí kò ní ẹsẹ̀, tí ìyá rẹ̀ yóò máa fi ohun tí ó ti ara rẹ̀ jáde bọ́. Ìdin yóò wá fi òwú ara rẹ̀ wé ara rẹ̀, yóò dà bí hóró ìrẹsì. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì pè ní ẹyin èèrà. Láti ọjọ́ tí ó yé ẹyin di ọjọ́ tí èèrà òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò jáde lè tó oṣù kan àbọ̀ sí oṣù méjì àbọ̀. Àkọ́bí wọ̀nyí a máa kéré ju àwọn àbúrò wọn lọ, nítorí inú ara ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo oúnjẹ wọn ti wá.

Ìgbà tí wọ́n bá jáde ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán oyin kan tàbí omi ṣúgà lórí bébà kékeré, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti ẹsẹ̀ tata tàbí ìrẹ̀ kan. Ẹ rí i pé koríko tí a ti mú tata náà kò ní oògùn. Ẹ má ṣe fún wọn ní aáyán inú ilé, nítorí ẹ kò mọ oògùn tí ó ti rìn kọjá lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ kó ohun tí ó bá ṣẹ́ kù kúrò kí ó má baà hu èébu.

Ẹ pe àwọn ọmọ láti wo bí wọ́n ṣe ń jẹun. Oyin wà fún àgbà, ẹran wà fún ìdin, nítorí èèrà àgbà kì í lè gbé ohun líle mì. Ìdin tí kò lè rìn ni ó ń bá gbogbo ilé jẹ ohun líle. Èèrà àgbà sì ní ikùn méjì: ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, èkejì jẹ́ ti ìlú. Ohun tí ó bá wà nínú ti ìlú, yóò pọ̀ ọ́ sí ẹnu èèrà mìíràn tí ó bá béèrè. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí yóò tètè mọ ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa saka àti saara.

Bí wọ́n bá ti tó àádọ́ta, ẹ lè ṣe ilé fún wọn. P.O.P. tí àwọn oníṣẹ́ àjà ilé ń lò dára púpọ̀: ẹ pò ó, ẹ dà á sínú ike pẹlẹbẹ kan, ẹ gbẹ́ yàrá kéékèèké sí i kí ó tó le tán, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fi gíláàsì bò ó. P.O.P. a máa fa omi mu, nítorí náà ẹ̀kán omi díẹ̀ ní igun kan tó láti mú kí ilé náà tutù. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ omi náà wò lójoojúmọ́, nítorí gbígbẹ ilé a máa pa èèrà kíákíá ju ebi lọ. Ẹ má sì kánjú kọ́ ilé ńlá fún ìdílé kékeré. Ìdọ̀tí ni wọn yóò máa kó sí yàrá tí wọn kò lò.

Kí wọ́n má baà jáde, ẹ fi Vaseline fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa etí ike náà yí ká. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe sí ìkòkò ọbẹ̀ kí èèrà má baà wọ̀ ọ́: ẹ gbé ike náà sínú àwo tí omi wà nínú rẹ̀. Omi tí a fi ń lé èèrà síta ni yóò bá wa dá wọn dúró sínú.

ÀWỌN TÍ KÒ YẸ KÍ A MÚ WỌLÉ

Ẹ má ṣe gbìyànjú ìjàlọ rárá. Ìyá ìjàlọ kì í ní ìyẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ lè pọ̀ tó mílíọ̀nù, wọn kì í sì í gbé ojú kan pẹ́. Kò sí ilé tí ó lè bọ́ wọn.

Èkejì ni èèrà kékeré pupa tí ń wọ inú ṣúgà. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi orúkọ Fir'aona sọ ọ́ ní ọdún 1758, orúkọ náà ni àwọn onímọ̀ sì ń pè é títí di òní. Ó ní ìyá púpọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo, ihò abẹ́rẹ́ sì tó o láti jáde. Wọ́n ti rí i ní àwọn ilé ìwòsàn pé ó lè gbé kòkòrò àrùn kiri.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé ìyá èèrà láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Ẹni tí ó ti Ìbàdàn dé kò gbọdọ̀ gbé èèrà Ìbàdàn wá sí Onitsha. Ní àwọn ọdún 1930, irú èèrà oníná kan bá ọkọ̀ ojú omi ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ èbúté Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Títí di òní, àwọn àgbẹ̀ ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ṣì ń bá a jà.

OÒGÙN APAKÒKÒRÒ

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé gbogbo, ì báà máa sin èèrà, ì báà má máa sìn ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti rí èèrà lára ògiri, oògùn olóró ni a ń fà yọ. Bí ó bá jẹ́ èèrà Fir'aona ni, fífín oògùn sí i a máa mú kí ìlú náà fọ́ sí wẹ́wẹ́: àwọn ìyá yóò kó ọmọ, wọn yóò sì lọ tẹ̀dó sí ihò márùn-ún níbi tí wọ́n ti wà ní ihò kan. Owó ni ẹ ná, ìlú èèrà ni ẹ fi kún. Ọmọ tí ń rákò lórí ilẹ̀ kan náà sì ni oògùn náà dúró dè. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa oògùn dichlorvos nínú ìgò kékeré onímílílítà 100, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò.

Ilé tí ń tọ́jú èèrà kò lè fín oògùn sí yàrá tí wọ́n wà, nítorí náà yóò kọ́ ọ̀nà mìíràn. Ẹ fi omi ọṣẹ nu ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, nítorí òórùn tí aṣáájú wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ dé ṣúgà àti oyin pa. Ẹ tún ẹ̀rọ omi tí ń jò ṣe. Ẹ fi símẹ́ǹtì dí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé. Bí ọmọ bá mọ ohun tí èèrà wá ṣe nínú ilé, yóò mọ ohun tí ilé gbọ́dọ̀ tún ṣe.

ỌDÚN MÉLÒÓ NI Ẹ GBÀ FÚN UN?

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa ń bọ̀. Ológbò lè gbé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo ayé sì mọ̀. Ta ni ó mọ iye ọdún tí ìyá èèrà lè lò? John Lubbock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ báńkì, tí ó sì tún jẹ́ aṣòfin, sin èèrà láàárín gíláàsì méjì nínú ilé rẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí ohun tí ó rí ní ọdún 1882. Ìyá èèrà kan lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 15 kí ó tó kú ní 1888. Ìyá èèrà dúdú kan tí wọ́n tọ́jú ní ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn náà lo ju ọdún 28 lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó ń béèrè lónìí lè ti lọ́kọ tàbí láya kí ìyá èèrà rẹ̀ tó kú.

Nítorí náà, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ náà kí ẹ tó dé ìgò. Ta ni yóò máa fún wọn ní omi nígbà tí ó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ oníbùúgbé? Bí gbogbo ilé bá lọ sí ilẹ̀ Yorùbá fún Iléyá, ta ni a fi sílẹ̀ fún? Èèrà tí ó ní omi tí ó tó àti oyin díẹ̀ lè fara da ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò lè fara da ìgbàgbé. Bí kò bá sí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ dá ìyá èèrà náà padà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, sí ẹ̀gbẹ́ ibi gan-an tí ó ti mú un. Èyí náà jẹ́ ìtọ́jú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó fa ojú ọmọ yín mọ́ra. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ilẹ̀ Belgium méjì ní Kenya pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 ìyá èèrà, tí wọ́n kó sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú òwú, láti kó wọn lọ tà fún àwọn tí ń sin èèrà ní òkè òkun. Wọ́n mú ọmọ ilẹ̀ Vietnam kan àti ọmọ Kenya kan pẹ̀lú nínú ẹjọ́ tí ó jọ ọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ilé ẹjọ́ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn san mílíọ̀nù kan owó Kenya tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan gbára. Ìgò àti òwú tí a júwe lókè náà ni wọ́n lò. Ohun èlò kan náà ni, ìyàtọ̀ wà nínú ọkàn ẹni tí ó mú un lọ́wọ́.

Fún ilé tí kò bá lè gba ẹrù yìí, ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ìgò nínú. Ẹ wá ilé èèrà kan ní ẹ̀yìnkùlé, ní ẹsẹ̀ ògiri tàbí ní ìdí igi máńgòrò. Ẹ kán oyin sórí ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í lẹ́yìn ìrun Asri. Àwọn àgbẹ̀ ti ń sin èèrà lọ́nà yìí láti ayébáyé. Ìwé ilẹ̀ Ṣáínà kan ti ọdún 304 sọ nípa èèrà tí wọ́n ń tà ní ọjà láti fi ṣọ́ igi ọsàn. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé gbè wá, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ní ọgbà máńgòrò tí èèrà pupa tí ń fi ewé hun ilé bá pọ̀ sí, eṣinṣin tí ń ba èso jẹ́ kì í rí àyè ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kò sé wọn mọ́lé; wọ́n kàn fi wọ́n sílẹ̀, wọn kò fín oògùn sí wọn.

Ẹ̀yin òbí, ìpinnu wà lọ́wọ́ yín. Ì báà jẹ́ nínú ìgò, ì báà jẹ́ ní ẹsẹ̀ ògiri, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ pé ohun tí ó bá ti gbà láti tọ́jú ti di àmánà lọ́rùn rẹ̀, àti pé Ọlọ́hun tí yóò béèrè ológbò lọ́wọ́ obìnrin kan kò ní ṣàì béèrè èèrà.

Kí Ọlọ́hun fi àánú sí ọkàn àwọn ọmọ wa, kí Ó jẹ́ kí a lè máa pa àmánà mọ́, kékeré àti ńlá.